Àṣírí Bàbá Kúdí Tí Mo Fi Polówó Ìwé

Bàbá mi, Àjàní,

Mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí nígbà ayé yín, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́, èmi náà ni ǹ bá jókòó tì yín, tí ǹ bá kà á fún yín. Ní báyìí tí ẹ ti lọ, mo gbà pé níbi tí ẹ wà, kò sí ohun tí ẹ kò lè kà mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ mi fi ń wúwo lórí bébà yìí.

Màámi wà. Orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè máa gun àtẹ̀gùn ilé wa l'Ájégúnlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá ìsàlẹ̀, èyí tí télọ̀ yẹn ń gbé nígbà kan. Fìlà yín aláwọ̀ eérú ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ ọ́, nítorí òórùn epo ẹ́ńjìnnì tó wà lára rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé sí yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò tíì lè fi ẹnu mi sọ ọ́ fún wọn.

Ṣé ẹ rántí káàdì ilé-ìwé mi, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin? Mo mú un wá bá yín ní Coconut, ibùdó àwọn tírélà, ẹ wà lábẹ́ ọ̀kan tí ẹ ń tún ṣe. Ẹ yọ orí jáde, ẹ fi kẹrosíìnì nu ọwọ́ yín, ẹ ní, "Ó yá, kà á sókè, kí n gbọ́ bóyá wọ́n ń kọ́ ẹ níwèé lóòótọ́." Bí ẹ ṣe máa ń sọ nìyẹn nígbà gbogbo. Ohun tí tíṣà kọ síbẹ̀ ni pé ẹnu mi kì í dákẹ́ ní kíláàsì. Èmi wá kà á pé ọmọ dáadáa ni mí, kí Ọlọ́run bù kún àwọn òbí mi. Inú yín dùn, ẹ pe àwọn mẹkáníìkì tó kù kí wọ́n wá gbọ́, ẹ ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ẹ gba káàdì náà, ẹ ń wò ó tẹ̀rín tẹ̀rín, mo sì rí i pé ojú yín kò lọ síbi tí tíṣà kọ̀wé sí rárá. Àmì ilé-ìwé tó wà lókè ni ẹ ń wò. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹ àkàrà tí ẹ rà fún mi.

Láti ọjọ́ náà, mi ò ka irọ́ fún yín mọ́. Mi ò sì sọ fún ẹnì kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé wá sílé, màá ti sáré gbà á kó tó dé ọwọ́ yín, àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín pé ọmọ yìí mà fẹ́ràn ìwé o. Mo rò pé ẹ kò mọ̀ pé mo mọ̀.

Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí láíbìrì orí fóònù ní Liverpool Road, ẹ bi mí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀, mo ní dátà ni mò ń tò. Ẹ lọ sọ fún gbogbo Coconut pé ọmọ yín ti ń ta dátà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn awakọ̀ fi ń pè mí pé kí n bá wọn fi dátà sórí fóònù. Mo bínú sí yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ju ìyẹn lọ. Bàbá, ì bá sàn ká ní dátà yẹn náà ni mò ń tà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ kí n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún yín nígbà náà, dípò kí n máa fajú ro. Inú fóònù ni àwọn ìwé wa wà. Òmíràn nínú wọn ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, tó jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀wé kà lè máa fi ìka tẹ̀lé lẹ́tà bí ohùn náà ṣe ń pè é. Ohun tó ń dun ọ̀gá wa ni pé àwọn èèyàn kò mọ̀ pé a wà. Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń kàwé wa, ibi tí wọ́n ń gbé, ohun tó wù wọ́n, àti bí a ṣe máa pe àwọn mìíràn wá. Èmi ló ní kí n wá ìdáhùn.

Àkọsílẹ̀ méjì ni a ní. Ẹ̀rọ ló ń kọ ọ̀kan fúnra rẹ̀: nọ́ńbà fóònù báyìí ló ṣí ìwé báyìí, ní aago báyìí. Kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Èkejì ni bébà tí a kọ nígbà tí a pa àgọ́ sí Coconut láti fi láíbìrì wa han àwọn awakọ̀. Orúkọ ẹni àti nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹlòmíràn tí a lè pè bí a bá wá a tì. Bébà yẹn náà kò mọ ìwé tí ẹnikẹ́ni ń kà. Bí ẹ bá wo ọ̀kan nínú méjèèjì, kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Èmi ni mo so wọ́n pọ̀.

Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo so wọ́n pọ̀ tán. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá fi irin yẹn kan ẹ́ńjìnnì, tí ẹ fi etí tì í, tí ẹ wá mọ ibi tó ti ń dùn ún. Mo rí i pé lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni àwọn awakọ̀ Coconut ń kàwé jù. Mo rí i pé ìwé àbídí, tí a rò pé ọmọdé la ṣe é fún, àwọn àgbàlagbà ló ń ṣí i. Ó yẹ kí ọkàn mi dúró níbẹ̀. Ó yẹ kí n bi ara mi pé àgbàlagbà tó ń fi ìdájí kọ́ àbídí, ta ló ń fi í pamọ́ fún? Ta ló yẹ kó mọ̀ ọ́n ju èmi tí ẹ bí lọ? Ṣùgbọ́n ìpolówó ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ní èèyàn kì í tẹ̀lé ẹni tí kò mọ̀, ẹni tó bá mọ̀ ló ń tẹ̀lé. Mo bá kọ ọ̀rọ̀ ṣókí kan, mo ní kí ẹ̀rọ máa fi orúkọ òǹkàwé àti orúkọ ìwé tó kà sínú rẹ̀, kó sì fi í ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kejì tó wà lórí bébà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ló lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn ti ń ya wọ láíbìrì wa. Ọ̀gá wa gbá mi mọ́ra níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo dúró, mo gba àtẹ́wọ́ náà. Ẹ̀yin ni mo rò lọ́kàn, pé ẹ̀ bá wà láyé kí ẹ wá rí mi.

Bàbá, ẹ ti mọ ẹni tí mo fẹ́ dárúkọ. Bàbá Kúdí, ọ̀rẹ́ yín, tí ẹ jọ ti Ìsẹ́yìn wá nínú ọkọ̀ kan náà. Àwọn ló wọ inú sàréè yín, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbà yín sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ Coconut ti fẹnu kò láti fi wọ́n ṣe alága, nítorí pé bí ọlọ́pàá bá mú awakọ̀ kan, àwọn ló máa ń lọ dúró fún un, bí ìjà bá sì bẹ́ sílẹ̀, àwọn ló ń là á. Ẹnì kan péré ló tún fẹ́ ipò náà, akọ̀wé wọn. Ọjọ́ tí a pa àgọ́, akọ̀wé yìí ló bá wa kọ orúkọ àwọn tó ní àwọn gbàgbé awò ojú sílé, Bàbá Kúdí sì wà lára wọn. Nọ́ńbà tirẹ̀ ló kọ sí ibi nọ́ńbà kejì fún gbogbo wọn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo kọ nípa Bàbá Kúdí balẹ̀ sí.

Kúdí ló pè mí, ní ọjọ́rú. Kò tilẹ̀ kí mi.

"Kí lẹ fi bàbá mi ṣe?"

Mo ní kó fara balẹ̀. Ó ní òun ò ní í fara balẹ̀. Ó ní àwọn awakọ̀ ṣèpàdé ní àárọ̀ ọjọ́ náà láti fi bàbá òun joyè, akọ̀wé wá dìde, ó ní òun ní ìròyìn ayọ̀ nípa alága tuntun. Ó ka ọ̀rọ̀ náà sí etígbọ̀ọ́ wọn, pé Bàbá Kúdí ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé àbídí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé wá fa òfin ẹgbẹ́ yọ nínú fáìlì, ó nà án sí bàbá òun.

"Ọ̀gá, read am make we hear!" ó ní, pé kí wọ́n kà á sókè kí gbogbo àwọn gbọ́.

Kúdí ní bàbá òun gba bébà náà, wọ́n dì í mú títí gbogbo ibẹ̀ fi pa lọ́lọ́. Wọ́n wá gbé e lé orí bẹ́ǹṣì, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà wọn, wọ́n lọ. Ojú ẹsẹ̀ náà ni àwọn awakọ̀ fi akọ̀wé ṣe alága.

"Ìyá mi pàápàá kò mọ̀," Kúdí ní. "Wọ́n á ti nǹkan bọ etí nínú mọ́tò, wáàsí la rò pé wọ́n ń gbọ́. Ta ló fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ níbi iṣẹ́ yín?"

Bàbá, èmi àti Kúdí jọ dàgbà ni. Orí ẹní kan náà la jọ ń sùn nígbà ọdún.

"Kọ̀ǹpútà ni, Kúdí," mo ní. "Kọ̀ǹpútà ló ṣàṣìṣe."

"Ó dáa," ó ní. "Kọ̀ǹpútà." Ó pa fóònù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé irọ́ yẹn sínú. Mi ò sọ fún ọ̀gá wa. Nígbà tó ní kí n tún múra èyí tí a máa fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo ní mò ń ṣe é lọ́wọ́. Mi ò gba Coconut kọjá mọ́, mo ń yípo. Mo ń sọ fún ara mi pé èèyàn tuntun mélòó kan ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé nítorí ohun tí mo ṣe, pé ó yẹ kí ire bo ibi mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ara yín rí? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ń dá ọkọ̀ padà wá tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí ọwọ́ yín bá ṣì í.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni kò jẹ́ kí n lè fara dà á mọ́. Màámi ń jẹun, wọ́n kàn sọ pé Bàbá Kúdí kò yà kí àwọn mọ́ lẹ́yìn Jímọ̀, pé ṣé ara wọn yá? Mo fọ ọwọ́ mi, mo dìde nídìí oúnjẹ.

Ní Sátidé, mo lọ bá wọn ní Marine Beach. Wọ́n ti fi Coconut sílẹ̀, wọ́n wà lọ́dọ̀ àbúrò wọn tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Mo bá wọn lórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mo wá bẹ̀ yín ni."

"Kúdí ní kọ̀ǹpútà ni."

"Kì í ṣe kọ̀ǹpútà, sà. Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo so orúkọ yín mọ́ ìwé tí ẹ ń kà, èmi ni mo ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́."

Wọn kò dáwọ́ dúró. Ọ̀dà náà ń bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níwájú mi.

"Ṣé o mọ ẹni tó ní kí n wá sí láíbìrì yín?"

"Rárá, sà."

"Àjàní ni. Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, mo sọ fún un pé ọmọ Kúdí ti ń gbé ìwé wá bá mi pé kí n ka ìtàn fún òun, pé mò ń sá fún ọmọdé. Ó ní kí n lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Ó ní ọmọ òun ti mọ̀ láti kékeré pé òun ò mọ̀wé kà, kò sọ fún ìyá rẹ̀ pàápàá. Ó ní àṣírí kì í tú lọ́wọ́ ọmọ òun."

Bàbá, ẹ mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ń sáré gba ìwé lọ́wọ́ àlejò, ẹ ti mọ̀. Ẹ kò bá mi sọ ọ́, ẹ kàn fi mí ṣe onídùúró fún ọ̀rẹ́ yín. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Bí ẹ bá ti sọ pé ẹ rán wọn sí mi, ṣé mi ò ní í ṣọ́ra? Ẹ má bínú. Mo tún fẹ́ ti ẹ̀bi mi sí yín lọ́rùn.

Mo sunkún. Wọn kò ní kí n má sunkún. Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú fóònù wọn jáde.

"Ọ̀rọ̀ tí o kọ, wọ́n kà á lé mi lórí ni. Mi ò tíì fojú ara mi rí i. Mo ní kí Kúdí fi í ránṣẹ́ sí mi."

Mo na ọwọ́ láti gbà á kí n kà á fún wọn. Ọwọ́ mi ló ṣe é, Bàbá, kì í ṣe ọkàn mi.

"Mú ọwọ́ ẹ kúrò," wọ́n ní.

Wọ́n fi ìka sí abẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. "Ẹ… ni… tí… ẹ… mọ̀… ń… kà… wé." Ẹ̀fúùfù òkun ń fẹ́, wọ́n fi ara ṣíji bo ojú fóònù. Nígbà tí wọ́n dé ibi orúkọ, wọ́n dúró. "Sà… ká… rí… yá… ù." Wọ́n tún un pè láìdúró. "Sàkáríyáù. Èmi nìyí." Wọ́n tẹ̀ síwájú. "Ṣẹ̀… ṣẹ̀… pa… rí… ì… wé… à… bí… dí." Ọ̀rọ̀ tí mo kọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí mo ń mu tíì lọ́wọ́, ni wọ́n ń tú palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú mi, kò sì sí èyí tí wọ́n fò. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ẹ̀… yin… ńkọ́? Ẹ… wá… kà… wé. Ọ̀… fẹ́… ni."

Wọ́n gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ọ̀fẹ́?" wọ́n ní.

Wọ́n fi fóònù padà sí àpò, wọ́n tún mú ọ̀bẹ wọn.

"Máa lọ sílé. Kí ìyá ẹ má máa wá ẹ kiri."

Ní ọjọ́ Ajé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá wa. Ó kọ́kọ́ bínú pé mo pa á mọ́, ó tún bínú pé mo sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó, tó bo ojú, nítorí òun náà ti sọ nígbà kan pé ìyá òun kò mọ̀wé. A tú àkọsílẹ̀ méjèèjì ká. A pa gbogbo nọ́ńbà kejì rẹ́. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni tí a tún lè fi polówó láìkọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ní ẹnu, ní èdè tó gbọ́. Wọ́n yọ mí kúrò nídìí dátà. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà báyìí, mò ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé han àwọn tó bá wọlé. Ó tọ́ sí mi.

Mo lọ sí ìpàdé àwọn awakọ̀ náà, mo dúró níwájú wọn, mo sọ pé ìwà tí mo hù kò dára, pé ẹni tó ń kọ́ ìwé lágbà kò ṣe ohun ìtìjú, èmi ni ojú yẹ kó tì. Akọ̀wé tó ti di alága ní, "Aunty, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti tán." Kò sí nǹkan kan tó tán. Nígbà tí mo jáde, bàbá arúgbó kan tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó bi mí wúyẹ́wúyẹ́ bóyá orúkọ òun náà wà lára àwọn tí mo fi ránṣẹ́. Mo ní ó wà níbẹ̀. Ó mi orí, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Bàbá Kúdí kò padà sí Coconut. Kúdí kì í gbé ìpè mi. Bóyá Bàbá Kúdí ṣì ń kàwé, mi ò mọ̀, mi ò sì wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ bí mo ṣe lè wò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rí wọn ní Liverpool Road, wọ́n ń gba iwájú láíbìrì wa kọjá. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sáré jáde, mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n mí, "ìyàwó mi" ni Bàbá Kúdí ń pè mí. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń fà á gùn. Wọ́n dúró. Wọ́n wò mí. Wọ́n tẹ orí ba díẹ̀, bí àgbà ṣe ń kí àlejò.

"Ẹ káàsán o," wọ́n ní. "Ẹ kú iṣẹ́."

Wọ́n kọjá lọ.

Bàbá, "ẹ" ni wọ́n fi kí mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì lè gbójú sókè.